Ìkànnì àdìrẹ mi kì í jáde lórí Google, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aláró Ẹ̀gbá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Àdìrẹ ni mo ń ṣe, Ìtokú ni mo ti ń tà á, ní Abẹ́òkúta. Ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ ìdílé wa, ṣùgbọ́n a ń ṣe oníko náà, a sì ń ṣe kámpálà aláwọ̀ mèremère fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Lọ́dún tó kọjá, mo gba ẹnì kan pé kó bá mi ṣe ìkànnì tí àwọn tó wà lókè òkun á fi máa rí ọjà mi. Ó ṣe é, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n látìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń débẹ̀ àfi ẹni tí mo bá fi líǹkì ránṣẹ́ sí fúnra mi. Bí mo bá tẹ "adire Abeokuta" sínú Google, ọjà ẹlòmíì ló ń jáde. Kódà, bí mo bá tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ mi gan-an, Instagram mi ló ń gbé wá, kì í gbé ìkànnì yẹn.

Ẹni tó ṣe é kò gbé ìpè mi mọ́. Ẹlòmíì wá kàn sí mi lórí WhatsApp, ó ní kí n san ₦150,000, òun á gbé mi dé ipò kìíní lórí Google láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pé òun mọ ẹnì kan níbẹ̀. Ẹ̀yin tó mọ iṣẹ́ yìí, ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Kí ni mo lè fọwọ́ ara mi ṣe? Fóònù ni mo ní, mi ò ní kọ̀ǹpútà. WordPress ni wọ́n fi ṣe é, mo sì ní password rẹ̀ lọ́wọ́.

Oníbúrẹ́dì Ọ̀tà

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni yẹn! Gbogbo wa tó ń ta nǹkan ni irú wọn ń kọ̀wé sí. Ẹ dúró kí àwọn tó mọ̀ ọ́n dáhùn, ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni ò gba owó rárá. Èmi náà á padà wá sọ ohun tó ṣiṣẹ́ fún búrẹ́dì mi.

Ọ̀gá Ìkànnì

Òótọ́ ni Oníbúrẹ́dì sọ. Google fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìtọ́nisọ́nà wọn pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà ipò kìíní fún ẹnikẹ́ni. Wọn kì í gbowó gbé ènìyàn sókè nínú èsì gidi. Ìpolówó ni wọ́n ń gbowó lé lórí, wọ́n sì máa ń kọ "Sponsored" sára rẹ̀ kí gbogbo ayé lè mọ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ ẹnì kan níbẹ̀, ẹ ti rí irú ẹni tó jẹ́.

Kí á wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ yín. Google ní ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Googlebot, òun ló ń tọ líǹkì kiri láti ojú-ewé kan dé òmíì. Ohun tó bá kà tó sì wúlò, ó ń kó o pamọ́ sínú àkójọ kan. Bí ẹnì kan bá wá béèrè nǹkan, inú àkójọ yẹn ni Google ti ń ṣa èsì, tó ń tò wọ́n láti òkè wá sísàlẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń pariwo ọ̀rọ̀ títò yìí, ta ló wà lókè, ta ló wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkànnì tí kì í jáde nígbà tí a tẹ orúkọ rẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì dé ibi títò. Kò sí nínú àkójọ rárá ni mo rò.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ lọ sí Google, ẹ tẹ site: kí ẹ sì kọ àdírẹ́sì ìkànnì yín mọ́ ọn láìfi àyè sáàárín. Bí kò bá mú ojú-ewé kankan wá, à jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú WordPress, ẹ tẹ Settings, ẹ tẹ Reading, ẹ lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ ó rí àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ "Discourage search engines from indexing this site" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ bá wa wò ó bóyá wọ́n ti fàmì sí i.

Aláró Ẹ̀gbá

Ọ̀gá, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo tẹ site: yẹn, kò mú nǹkan kan wá. Mo wọ Settings, mo dé Reading, àmì wà nínú àpótí náà! Kí ló túmọ̀ sí? Mi ò fọwọ́ kàn án rí.

Ọ̀gá Ìkànnì

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ẹni tó ṣe ìkànnì ló fi síbẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ wa máa ń fi í síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí, kí Google má baà gbé àbọ̀ iṣẹ́ síta. Ó yẹ kó yọ ọ́ lọ́jọ́ tó gbé iṣẹ́ lé yín lọ́wọ́. Àpótí yẹn ló ń kọ ọ̀rọ̀ kan, noindex, sára gbogbo ojú-ewé yín. Àṣẹ ni ọ̀rọ̀ náà: Googlebot á ka ojú-ewé, á rí i, kò sì ní fi í sínú àkójọ. Ẹ ò bá kọ ọ̀rọ̀ tó dára jù lọ láyé síbẹ̀, kò ní jáde.

Ẹ yọ àmì náà, kí ẹ tẹ Save Changes. Bí plugin (ohun èlò àfikún inú WordPress) tó ń ṣe cache, ìyẹn ẹ̀dà ojú-ewé tí a tọ́jú kí ó lè tètè ṣí, bá wà níbẹ̀, ẹ nu cache náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú-ewé àtijọ́ ni Google á ṣì máa rí.

Ẹ wá ṣí Google Search Console, ibi tí Google ti ń jẹ́ kí ẹni tó ni ìkànnì mọ bó ṣe ń jáde nínú èsì. Ọ̀fẹ́ ni, Gmail yín lẹ ó fi wọlé, ó sì ṣeé lò lórí fóònù. Wọ́n á ní kí ẹ fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ìkànnì náà, wọ́n á fún yín ní ìlà kóòdù kan. Yoast àti Rank Math, plugin méjì tó wà fún iṣẹ́ yìí, ní àyè tí a ń lẹ̀ ẹ́ sí, ọ̀kan nínú wọn ti tó, ẹ má fi méjèèjì sórí ìkànnì kan. Bí ẹ bá wọlé tán, ẹ lọ sí Sitemaps. Láti WordPress 5.5 tó jáde ní 2020 ni WordPress ti ń ṣe ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo ojú-ewé fúnra rẹ̀, wp-sitemap.xml ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo Yoast tàbí Rank Math, sitemap_index.xml ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ lẹ àdírẹ́sì ojú-ewé àkọ́kọ́ yín sínú àpótí tó wà lókè, ẹ tẹ Request Indexing, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojú-ewé méjì mẹ́ta tó ṣe pàtàkì jù.

Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Títẹ̀ ẹ́ léraléra kì í mú un yá. Bing náà ní tiwọn, Bing Webmaster Tools, ó sì lè kó gbogbo rẹ̀ láti inú Search Console lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fojú di Bing, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lókè òkun ló jẹ́ òun ló wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Peckham

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ra ọjà, torí gbogbo ohun tí Ọ̀gá ń sọ yìí, bí àwa oníbàárà ṣe ń wá nǹkan ló máa pinnu rẹ̀ nígbẹ̀yìn. London ni mo wà. Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, àdìrẹ la fẹ́ fi ṣe aṣọ ẹbí. Ohun tí mo tẹ sínú Google nìyí: "adire fabric 5 yards", "indigo adire eleko", "adire wholesale Abeokuta shipping to UK". Mi ò tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, torí mi ò mọ ẹnikẹ́ni.

Ìyá Aláró fi líǹkì wọn ránṣẹ́ sí mi, mo sì wo ibẹ̀ dáadáa. Ẹ má bínú o. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ hàn ni "Welcome to our world of elegance". Mo fa ojú-ewé náà wálẹ̀, àwòrán ni, òmíràn, òmíràn, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ wọn. Mo tẹ Shop, àwòrán náà ni, wọ́n wá kọ "DM for price" sábẹ́ gbogbo wọn. Mo wá ọ̀rọ̀ náà "adire" lórí ojú-ewé àkọ́kọ́ tán, mi ò rí i àfi nínú àmì ilé iṣẹ́ lókè, àwòrán sì ni àmì yẹn. Ẹni tó ń ta àdìrẹ ò kọ àdìrẹ síbì kankan! Báwo ni Google á ṣe mọ̀?

Aṣọ yẹn lẹ́wà, kí n má purọ́. Mo rí ẹlẹ́kọ kan níbẹ̀ tí aró rẹ̀ dúdú kẹ̀nkẹ̀, tí òpó Mápó hàn lára rẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ọ̀pá márùn-ún ni tàbí méjì ààbọ̀, mi ò mọ bó ṣe fẹ̀ tó, mi ò mọ̀ bóyá ó ń yọ aró bí a bá fọ̀ ọ́, mi ò mọ iye tí yóò dé London. Tí mo bá ní láti béèrè gbogbo èyí lórí Instagram, kí n sì máa retí èsì, màá ti rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Aláró Ẹ̀gbá

Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ìbàdàndùn lẹ rí yẹn. Ìdí tí a ò fi kọ iye owó síbẹ̀ ni pé owó aṣọ funfun àti aró ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé kí n ṣáà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀gá Ìkànnì

Ẹ kọ ọ́. Ẹ lè kọ "láti iye báyìí lọ sókè", kí ẹ sì máa tún un ṣe bí ọjà bá yí. Ẹni tó rí iye owó tó sì tún kọ̀wé sí yín, ó ti ṣe tán láti rà.

Ohun tí Ọmọ Ìjẹ̀ṣà sọ ni kókó gbogbo iṣẹ́ yìí. Ọnà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ojú-ewé tirẹ̀: Ìbàdàndùn lọ́tọ̀, Olókun lọ́tọ̀, Súnbẹ̀bẹ̀ lọ́tọ̀. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ní àkọlé tí Google máa ń gbé jáde ní àwọ̀ búlúù nínú èsì, title ni wọ́n ń pè é. Mo wo tiyín, "Home" ni wọ́n kọ sí ojú-ewé àkọ́kọ́, "Shop" sí èkejì. Kò sẹ́ni tó ń wá "Home" lórí Google. Fún Ìbàdàndùn, irú èyí ni màá kọ: "Adire Eleko Ibadandun, indigo, 5 yards, Itoku Abeokuta". Kí ẹ sì kọ ìpínrọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí ojú-ewé náà lọ́rọ̀ gidi: irú aṣọ tó jẹ́, bó ṣe gùn tó, bó ṣe fẹ̀ tó, iye ìgbà tí ẹ rẹ ẹ́ sínú aró, bí a ṣe ń fọ̀ ọ́, iye ọjọ́ tó máa gbà kó tó dé Èkó tàbí London.

Àwòrán náà ń fẹ́ àtúnṣe. IMG_2034.jpg àti irú rẹ̀ ni orúkọ wọn. Kí ẹ tó gbé àwòrán sókè, ẹ yí orúkọ rẹ̀ sí adire-eleko-ibadandun.jpg. Nínú WordPress, àyè kan wà tó ń jẹ́ Alt Text, ẹ kọ ohun tó wà nínú àwòrán síbẹ̀ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tí kò ríran. Àwọn tí kò ríran gan-an ló wà fún, ẹ̀rọ wọn ló ń kà á sókè fún wọn. Google náà ń lò ó láti mọ àwòrán, ọ̀pọ̀ oníbàárà aṣọ sì ni àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín nítorí "meta keywords", àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń fi pamọ́ sínú kóòdù ojú-ewé fún ẹ̀rọ ìṣàwárí. Láti 2009 ni Google ti kéde pé àwọn kì í wò ó.

Olùkọ́ Àgbà

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn, ó sì kan gbogbo àwa tó ń kọ Yorùbá síta. Àpẹẹrẹ tí Ọ̀gá Ìkànnì kọ, "Adire Eleko Ibadandun", kò ní àmì ohùn kankan, kò ní àmì ìsàlẹ̀. Ṣé dandan ni kí á ba èdè wa jẹ́ kí Google tó lè rí wa?

SharpSharp Akúrẹ́

Bàbá, kò sẹ́ni tó ń fi àmì wá nǹkan o. Ta ló máa jókòó tẹ "àdìrẹ ẹlẹ́kọ" lórí fóònù? Ẹ yọ gbogbo àmì kúrò, kó yá.

Ọ̀gá Ìkànnì

Méjèèjì lẹ sọ òótọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì wá nǹkan, torí kíbọọ̀dù tí wọ́n ní lọ́wọ́ kò jẹ́ kó rọrùn. Google sì máa ń gbìyànjú láti so "adire" àti "àdìrẹ" pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ tẹ méjèèjì wò, èsì wọn kì í fi gbogbo ìgbà bára mu. Nítorí náà, èmi máa ń pín in báyìí. Àdírẹ́sì ojú-ewé, kò gbọdọ̀ ní àmì rárá, torí bí ẹ bá fi àmì sí i, tí ẹnì kan dà á kọ sórí WhatsApp, ó máa ń di %E1%BA%B9 àti irú kàtìkàtì bẹ́ẹ̀. Orúkọ fáìlì àwòrán náà, kò gbọdọ̀ ní àmì. Àkọlé lè jẹ́ lásán bí èèyàn ṣe ń wá a. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tó wà lórí ojú-ewé, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré, kí oríṣi méjèèjì lè wà lójú-ewé kan náà. Bí ẹ bá ní ojú-ewé tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, kí ẹni tó ń bá yín tún ìkànnì ṣe kọ lang="yo" sí i, kí ẹ̀rọ tó ń kàwé sókè lè mọ èdè tó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Lẹ́tà ẹ tí ẹ ń wò yìí, oríṣi mẹ́ta ni mo ti rí nínú ìwé Yorùbá lórí ayélujára. Ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tí àmì tótó ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀ láti ilé. Èkejì jẹ́ e lásán tí a fi àmì tótó mọ́ nísàlẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ e lásán tí a fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sí nísàlẹ̀, bí àwọn ìwé àtijọ́ kan ṣe ń kọ ọ́. Ojú ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n yàtọ̀, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ lè sọ àwọn méjì àkọ́kọ́ di ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta á máa dá dúró bí ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ẹ bá kọ "ẹlẹ́kọ" ní oríṣi méjì lórí ìkànnì kan, àpótí ìṣàwárí inú ìkànnì yín gan-an lè má rí ìdajì ọjà yín. Ẹ lo kíbọọ̀dù kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀. Gboard ní ti Yorùbá.

Olùkọ́ Àgbà

Èyí tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ọ̀rọ̀ wa hàn, kí á sì kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ìwọ ọmọ Akúrẹ́, bí gbogbo wa bá ń yọ àmì kúrò, ibo ni ẹ̀rọ á ti kọ́ Yorùbá? Ohun tí a bá kọ síta ni wọ́n á máa kà.

Oníbúrẹ́dì Ọ̀tà

Mo padà wá gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣèlérí. Ìyá Aláró ní ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé, nítorí náà ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe wọ́n lóore ni Google Business Profile. Òun ni wọ́n ń pè ní Google My Business tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ ní 2021. Òun ló ń gbé orúkọ ilé iṣẹ́, máàpù, nọ́ńbà fóònù àti wákàtí tí ẹ ń ṣí jáde. Kò gba kọ́bọ̀. Búrẹ́dì tèmi, ìkànnì rẹ̀ ò ju ojú-ewé kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá "bakery near me" ní Ọ̀tà ń pè mí láràárọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí mi.

Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ pé lóòótọ́ ni ṣọ́ọ̀bù wà, wọ́n lè ní kí ẹ ya fídíò: kí ó hàn láti títì, kí pátákó orúkọ hàn, kí ẹ wọnú ṣọ́ọ̀bù kí ọjà hàn, kí wọ́n rí i pé ẹ̀yin lẹ ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ má gé fídíò náà, ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ tó wà lára pátákó ni kí ẹ kọ, kí ẹ má fi "best adire in Abeokuta cheap wholesale" kún un, wọ́n lè torí rẹ̀ gbé e kúrò. Ẹ fọwọ́ ara yín gbé àmì máàpù sí ojú ṣọ́ọ̀bù gan-an, torí àdírẹ́sì wa níbí, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, òdìkejì ilé epo, máàpù kò mọ̀ ọ́n.

Ohun mẹ́ta ni Google ní àwọn fi ń tò wọ́n níbẹ̀: bí iṣẹ́ yín ṣe bá ohun tí wọ́n ń wá mu, bí ẹ ṣe súnmọ́ ẹni tó ń wá a, àti bí a ṣe mọ̀ yín tó. Ẹ ò lè gbé Ìtokú kúrò níbi tó wà, ṣùgbọ́n ẹ lè jẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín. Bí oníbàárà bá ra aṣọ tí inú rẹ̀ dùn, ẹ ní kó bá yín kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ẹ má fi owó tàbí ẹ̀dínwó bẹ̀ ẹ́, òfin wọn kò gbà á. Kí ẹ sì máa dáhùn gbogbo rẹ̀, àní èyí tó bá bu yín gan-an.

SharpSharp Akúrẹ́

Gbogbo èyí ń falẹ̀. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta backlink, líǹkì láti ìkànnì ẹlòmíì, 5,000 lówó pọ́ọ́kú. Kí ìyá ra ìyẹn, kí wọ́n sì ní kí ChatGPT kọ ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ nípa fáṣọ̀n. Ó parí.

Ọ̀gá Ìkànnì

Àbúrò, mi ò ní jẹ́ kí ìyẹn kọjá láìdáhùn, torí ó ti ba iṣẹ́ àwọn ènìyàn jẹ́ lójú mi. Òótọ́ ni pé líǹkì ṣe pàtàkì. Orí rẹ̀ ni Larry Page àti Sergey Brin gbé PageRank kà ní Stanford kí wọ́n tó dá Google sílẹ̀ ní 1998: ojú-ewé tí ojú-ewé pàtàkì mìíràn bá tọ́ka sí, òun náà níyì. Gbàrà tí ayé mọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta líǹkì. Ní oṣù kẹrin 2012, Google gbé àtúnṣe kan tí wọ́n pè ní Penguin jáde, àwọn tó ń ra líǹkì sì jábọ́ láti òkè sísàlẹ̀ lójijì. Lónìí, ọ̀pọ̀ irú líǹkì bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í kà rárá, owó yẹn á kàn ṣègbé. Bí òṣìṣẹ́ wọn bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ fìyà jẹ ìkànnì kan, ẹjọ́ gidi ni kó tó jáde níbẹ̀.

Ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ tí o ń wí náà, láti oṣù kẹta 2024 ni wọ́n ti fi í sínú òfin wọn pé ẹni tó bá kó ọ̀rọ̀ tí kò wúlò jọ rẹpẹtẹ kí ó lè fi fa Google, àwọn á yọ ọ́, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ló kọ ọ́, ìbáà ṣe ènìyàn.

Líǹkì tó yẹ Ìyá Aláró, ọwọ́ àwọn tó ti ń bá a ṣòwò ló wà. Aránṣọ tó fi aṣọ wọn rán nǹkan, tó sì ní ìkànnì, ẹ ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ ibi tó ti ra aṣọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ìrìn-àjò tó ń mú àlejò lọ sí Òkè Olúmọ, tí wọ́n ń ya Ìtokú lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ wá wo bí a ṣe ń pa aró. Mẹ́ta irú ẹ̀ sàn ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí a rà lọ.

Aláró Ẹ̀gbá

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo ní kí n wá jábọ̀. Àmì yẹn ti kúrò. Ojú-ewé àkọ́kọ́ ti wà lórí Google! Bí mo bá tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ mi, ó ń jáde báyìí, Instagram ló wá tẹ̀ lé e. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ sí ojú-ewé Ìbàdàndùn àti ti Olókun, mo fi iye owó sí i.

Mo wọ inú Search Console, ibi tí wọ́n kọ Queries sí. Wọ́n ní àwọn kan rí mi nígbà tí wọ́n tẹ "how to wash adire", àti "difference between adire eleko and oniko". Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tẹ̀ mí wọlé. Ojú ìwé kejì, ìkẹta ni mo wà. Ṣé ìyẹn wúlò?

Ọ̀gá Ìkànnì

Ó wúlò ju ohun gbogbo tí mo ti sọ lọ! Google ń sọ ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ mọ̀ lẹ́nu yín fún yín. Ẹ kọ ojú-ewé kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, lọ́rọ̀ ẹnu yín, bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún oníbàárà tó dúró níwájú yín. Kò sí ẹ̀rọ tó lè kọ èyí jù yín lọ. Ẹ sọ bí a ṣe ń fi rafíà di oníko kí aró má baà wọ ibi tí a dì, bí a ṣe ń se láfún fi ṣe ẹ̀kọ, tí a ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà á, àti èyí tí a ń fi páànù tí a gé ọnà sí tẹ̀, torí ti Abẹ́òkúta nìyẹn. Ẹ sọ ìdí tí aṣọ fi ń jáde ní àwọ̀ ewé nínú ìkòkò aró tó sì ń di búlúù bí atẹ́gùn bá kàn án. Ẹ ya fídíò kékeré rẹ̀. Nínú ojú-ewé bí a ṣe ń fọ àdìrẹ, ẹ kọ ohun tí ẹ ń sọ fún oníbàárà gan-an, omi tútù tàbí lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ wo, òòrùn tàbí ibòji. Lẹ́yìn náà, ẹ fi líǹkì so ojú-ewé wọ̀nyí mọ́ ojú-ewé tí ẹ ti ń ta aṣọ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Peckham

Mo tún wò ó lónìí, ó dára gan-an ju tẹ́lẹ̀. Ohun kan ṣì kù: ó ń pẹ́ kó tó ṣí, àwòrán ńlá mẹ́ta tó ń yí lókè yẹn ló ń dúró dè. Lórí fóònù inú bọ́ọ̀sì, mo ti sú kó tó hàn.

Ọ̀gá Ìkànnì

Mo fi PageSpeed Insights, irinṣẹ́ Google tó ń wo bí ìkànnì ṣe ń yára ṣí tó, wò ó, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè lò ó. Àwòrán kan níbẹ̀ ju mẹ́gábáìtì mẹ́fà lọ, bó ṣe jáde láti inú kámẹ́rà ni wọ́n gbé e sókè. Google fẹ́ kí ohun tó tóbi jù lójú-ewé ti hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Ẹ dín àwòrán kù sí bíi píksẹ́ẹ̀lì 1,200 ní fífẹ̀, ẹ sọ ọ́ di WebP, irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́, ó lè má tó kílóbáìtì 200 mọ́, aṣọ náà kò sì ní pàdánù ẹwà rẹ̀. Ẹ yọ àwọn àwòrán tó ń yí lókè, kí ọ̀kan ṣoṣo kù. Ojú fóònù ni Google fi ń ka ìkànnì báyìí, kì í ṣe ojú kọ̀ǹpútà, dátà oníbàárà tó wà ní Abẹ́òkúta náà sì ṣe pàtàkì bíi ti ẹni tó wà ní London.

Aláró Ẹ̀gbá

Ọmọ mi kékeré á bá mi dín wọn kù lónìí. Ìbéèrè ìkẹyìn: ẹnì kan ní kí n pa .com mi tì, kí n ra .ng, pé Google fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ṣé òótọ́ ni?

Ọ̀gá Ìkànnì

.ng ń jẹ́ kí Google mọ̀ pé Nàìjíríà lẹ dojú kọ, ó dára fún ẹni tí ọjà rẹ̀ wà nílé nìkan. Ẹ̀yin ń tà sókè òkun, .com yín dára bó ṣe wà. Bí ẹ bá yí i láìfi redirect 301 darí ojú-ewé àtijọ́ kọ̀ọ̀kan sí tuntun, gbogbo ohun tí ẹ ti ń kọ́ yìí á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè tèmi ló ń dẹ́rù bà mí jù. Orúkọ ta ni .com náà wà? Ẹ lọ sí lookup.icann.org, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ ó rí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rà á àti ọjọ́ tó máa parí. Ta ni wọ́n ń fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí nígbà tí owó ọdún bá pé?

Aláró Ẹ̀gbá

Kò sí ìmeèlì kankan tó wá sọ́dọ̀ mi rí. Mo wò ó, oṣù kọkànlá ló máa parí. Ẹni tó ṣe ìkànnì ló rà á, lórúkọ ara rẹ̀, mo rò. Mo ní rìsíìtì owó tí mo fi ránṣẹ́ sí i.

Ọ̀gá Ìkànnì

Ẹ má jẹ́ kó di ìdajì oṣù kẹwàá. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rà á lónìí, ẹ fi rìsíìtì yẹn, ìwé CAC ilé iṣẹ́ yín àti gbogbo ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ẹ bá ẹni náà sọ ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé orúkọ náà sórí àkáǹtì yín. Ẹ kọ̀wé sí ẹni náà gan-an, lọ́rọ̀ pẹ̀lẹ́, kí ó fún yín ní kóòdù tí a fi ń gbé domain, ìyẹn orúkọ .com náà, kúrò. Bí ó bá fún yín, kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Ẹ tún ní kí ọmọ yín ṣe ẹ̀dà gbogbo ìkànnì náà kó sì tọ́jú rẹ̀ sínú Google Drive yín lónìí, kí ẹ tó ṣe nǹkan míì. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá dáhùn síbí, màá bá yín kà á.